Ẹni Tó Yàn Láti Kó Àjọ Kẹ́yìn: Alàgbà Timothy Ládépọ̀ Ògúnlànà (1953–2025)

Ìlú Ìlaròó ní ilẹ̀ Yewa ni a ti bí bàbá wa, Alàgbà Timothy Ládépọ̀ Ògúnlànà, lọ́dún 1953. Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti jáde. Bàbá wọn, Pa Jékọ́bù Ògúnlànà, ló ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Ìyá wọn, Màmá Rèbékà Àbẹ̀kẹ́, ló ń ta ẹ̀pà. Àwọn tó bá wọn dàgbà sọ pé bí àwọn ọmọ ilé bá ń sáré sídìí oúnjẹ, ńṣe ni Ládépọ̀ máa ń jókòó jẹ́ẹ́, á ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ẹran máa ń sùn sí. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lẹ́nu wọn títí ọjọ́ alẹ́.

Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìlaròó lọ́dún 1967. Ojú bàbá wọn ti ń ṣú nígbà náà, agbára kò sì ká ìwé mọ́. Ní 1970 ni wọ́n wá sí Ojo láti kọ́ṣẹ́ iná mọ́tò, iṣẹ́ tí a ń pè ní rìwáyà. Nígbà tí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Okokomaiko, tí a ń gé kúrú sí Okoko, níbi tí koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ.

Ọdún 1981 ni wọ́n gbé Màmá wa, Christiana, níyàwó. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ aláṣọ funfun tó wà lọ́nà Iba ni wọ́n ti pàdé. Kí a má parọ́ mọ́ òkú, ohùn Bàbá kò dára. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa ìpàdé akọrin jẹ, wọ́n sì ti jẹ́wọ́ fún wa pé kì í ṣe orin nìkan ló ń gbé wọn lọ. Ìjọ fi wọ́n joyè Alàgbà ní 1998.

Nígbà tí ojú Bàbá náà kò rí wáyà mọ́tò dáadáa mọ́, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n ń fi í síta fún àwọn awakọ̀. Ní 2019, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Okokomaiko fi wọ́n ṣe alága. Ọdún 2023 ni owó bẹntiróòlù fò sókè, tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Iyana-Iba tí wọ́n ń fọwọ́ lẹ́rán. Bàbá gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ tó ń lo bátìrì wà, ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí iná tí a ó máa fún un? Ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan fún wọn lésì. Àdúgbò kan ṣoṣo kò lè dá a gbé. Kí Okokomaiko, Iba àti Ajangbadi para pọ̀, kí wọ́n kọ́ ibùdó iná oòrùn sí ọ̀dọ̀ kálukú wọn, kí wáyà kan so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀rọ tó ní làákàyè sì máa gbé iná láti ibi tó bá ti ṣẹ́kù lọ síbi tí kò bá tó. Bí àwọn ará àdúgbò bá dá apá kan owó náà, ilé-iṣẹ́ yóò yá wọn ní ìyókù.

Àjọ ni àwọn èèyàn wa mọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di àjọ. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ yóò máa dá owó, àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò sì máa kó tirẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bàbá ni wọ́n fi ṣe olórí àjọ náà. Nínú àjọ tiwa, olórí ló ń kó ṣáájú, àwọn ará Okoko sì ti kun ògiri ibùdó wọn kí ìpàdé àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bẹ̀rẹ̀. Alhaja Mùsítúrà Àdìgún, olórí àwọn ti Iba, kò gbà.

“Alàgbà, ẹ má bínú o. A ti rí ẹni tó kó tán tó yí nọ́ńbà fóònù padà. Tí Okoko bá ti kó, ta ló máa mú wọn?”

Muheez tó ṣojú Ajangbadi ti gbé fìlà rẹ̀. “Bàbá, no vex, àwa ń lọ.” Bí ó bá jáde, ayánilówó náà yóò yọwọ́.

Bàbá dìde. “Ẹ jókòó. Ajangbadi ni kó kó ṣáájú, kí Iba tẹ̀ lé e. Okoko á kó kẹ́yìn. Èmi olórí ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Okoko gbaná jẹ. Àwọn kan ní Alàgbà ti ta àwọn. Màmá pàápàá kò fara mọ́ ọn: “Bàbá Ayọ̀mípọ̀sí, ẹni àádọ́rin ọdún ni yín o. Ṣé irú yín ló ń kó àjọ kẹ́yìn?” Bàbá ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ni ẹran máa ń sùn sí. Màmá kò rẹ́rìn-ín.

Iná tàn ní Ajangbadi ní 2024, ó tàn ní Iba lẹ́yìn ọdún tuntun. Láàárọ̀, àwọn ará Okoko á lọ gba iná lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n á máa kùn bọ̀. Àárín ọdún 2025 ni àárẹ̀ dé Bàbá, ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé olórí ti dùbúlẹ̀, àwọn tó ti kó yóò sá. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí ba Bàbá ju àìsàn lọ. Bí àlejò bá wọlé, ohun tí wọ́n á bi í ni pé, “Ṣé Iba dá? Ṣé Ajangbadi dá?” Alhaja Mùsítúrà fúnra wọn wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì: “Alàgbà, a ò sá o.” Ọjọ́ yẹn ni Bàbá jẹun dáadáa kẹ́yìn.

Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, 2025. Wọ́n ti to páńẹ́lì sórí òrùlé ibùdó Okoko, wọn kò tíì so wáyà. Ó dùn wá gan-an.

Bàbá fi aya wọn, Màmá Christiana, sílẹ̀ lọ, àti àbúrò wọn obìnrin. Àwọn ọmọ, Ayọ̀mípọ̀sí, Bùsáyọ̀ àti Tọ́lá. Àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, bọ́ọ̀sì tó gbé Alàgbà wá síbí lónìí kò pariwo, kò sì yọ èéfín. Iná ló ń lò. Ibùdó Okoko, tí ó tàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló ti gba iná lánàá, Alhaja Mùsítúrà àti Muheez sì dúró tì í títí bátìrì fi kún.

Bàbá, Iba dá. Ajangbadi dá. Okoko ti kó. Ilẹ̀ á dẹ̀ fún yín, Olúwa á tẹ́ ẹní ìsinmi fún yín. Ẹ sùn re o, Alàgbà. Kò sẹ́ni tó sá.