Ọ̀bẹ Ògúnsúyì ní Lẹ́bánónì

                                        Àgọ́ Ọmọ Ogun Nàìjíríà,
                                        Lẹ́bánónì.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Nòfẹ́ńbà, 1979.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ògúnsúyì,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ìwàrò-Ọ̀kà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹwìrì yín ṣì ń fẹ́ná, àbí ó tún ti ya? Ara tèmi le, òtútù ibí nìkan ló ń bá mi wí. Pius ọmọ Ṣúpárè ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, o ṣáà mọ̀ pé oko ni bàbá mi rán mi, kì í ṣe ilé-ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Ọ̀bẹ tí o rọ fún mi ni mo fẹ́ torí ẹ̀ dúpẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ń wọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, bàbá mi ń bínú: ṣé ìjọba kò ní irin ni? Bá mi sọ fún un pé ìjọba ní irin, kò kàn mú ni. Tìrẹ ni mo fi ń gé búrẹ́dì, òun ni mo fi ń ṣí agolo. Bí mo bá sì dì í mú, àfi bí ẹni pé mo jókòó ní àgbẹ̀dẹ yín.

Díẹ̀ ló kù kí n pàdánù rẹ̀. Sàájẹ́ǹtì Jimoh, ọ̀gá wa, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí bárékè, ní ká kó gbogbo ọ̀bẹ tí kì í ṣe ti ìjọba wá. Ó kàn mí, mo gbé tèmi síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, bí bàbá rẹ ṣe kọ́ wa: ẹni tí a kò bá jà, a kì í ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ojú rẹ̀ yí. “Èmi lo ń ju nǹkan sílẹ̀ fún bí ajá? Mú un, kó o fi lé mi lọ́wọ́!”

“Sà, mi ò bá yín jà.”

“O máa bá mi jà lónìí!”

O mọ orí kunkun ilé wa. Mi ò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó fúnra rẹ̀ mú un, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó sì ní kí n lọ máa gé àlùbọ́sà ní kíṣìnì. Ẹkún tí mo sun níbẹ̀, àlùbọ́sà nìkan kọ́ ló fà á.

Nígbà tó di ọjọ́ iléyá, Sàájẹ́ǹtì fi èékánná tọ́ ọ̀bẹ kíṣìnì wò, ó mi orí: òun ò ní fi èyí jẹ àgbò níyà. Ó wá mú tèmi jáde, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi ohun tí inú olóhun kò dùn sí pa ẹran iléyá. Ó nà án sí mi pé kí n gbà á, kí n wá yá òun.

Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn. Pius ní òun ti ń gbàdúrà fún mi nígbà yẹn. Sàájẹ́ǹtì wò mí títí. Ọkùnrin gíga yẹn bá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ̀taòkò, mi ò bá ọ jà.”

Mo mú un, mo tún gbé e sílẹ̀ fún un. “Èmi náà ò bá yín jà, sà.” Ó mú un, ó pa àgbò, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ fún mi. Pius ní àfi bí ẹni pé àwa méjèèjì ń kírun. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ó fẹ́ irú rẹ̀. Ó ní bí a bá ti délé, òun á wá bá ọ fúnra òun. Bó bá dé, jọ̀wọ́, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. Orí àpótí ni kó o gbé e lé, ẹ̀yìn ti ń dùn ún.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì lọ ka lẹ́tà yìí sí bàbá mi létí lóko. Bó bá ní òun ò gbọ́, kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí òtútù kò tíì rí pa,

Ẹ̀taòkò Fágbàmílà.