Ẹ̀yìn Fọ́tò tí Mo Tò sí l'Ókòkòmáìkò

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Mojí ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Òkòkò níbí. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, ẹ kí Bùọ̀dá Làmídì àti ìyàwó wọn, kí ẹ sì bá mi gbé ọmọ tuntun jó. Òjò ò jẹ́ ká sinmi. Omi ti gba gbogbo ọ̀nà Ìyànà Ìbà, àwọn oníbàárà mi ò rí ibi gbà wá mú aṣọ.

Ẹ bi mí nínú lẹ́tà yín pé ẹ̀yìn ta ni mo tò sí lọ́jọ́ ìdìbò gómìnà. Ó ti lé lóṣù márùn-ún tí mo ti ń gbé èsì yẹn kiri. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ mọ̀ pé a ò tẹ̀ka. Àwọn ológun tó wà lórí oyè ló ní ká tò sẹ́yìn fọ́tò ẹni tá a bá fẹ́, ní gbangba, lójú gbogbo ayé. Bàbá onílé wa sì ni aṣojú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí ìdìbò ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi tó wà níwájú ilé wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé àwọn lọ́jọ́ náà. Wọn ò pariwo. Wọ́n tiẹ̀ yin ìránṣọ mi.

Ẹnì kejì tó ń bá ẹni tiwọn díje ló wà lọ́kàn mi, olùkọ́ tó ní òun á fa omi ẹ̀rọ dé àdúgbò wa. Èmi àti Ìyá Màríà, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ Ẹ̀gùn, tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé wa, la jọ ṣàdéhùn pé ẹ̀yìn rẹ̀ la máa tò sí.

Bàbá, ibẹ̀ náà ni mo kọ́kọ́ kọrí sí. Mo wá gbójú sókè, mo rí bàbá onílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tiwọn, wọ́n ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rántí máṣíìnì mi, mo rántí aṣọ ìyàwó tí mo ti gé sílẹ̀. Ni mo bá yà sí ìlà tiwọn. Ìyá Màríà pe orúkọ mi, ó ní ìlà wa nìyí. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Mo rò pé mo ṣì lè padà. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń darí ìdìbò ṣe fọn fèrè, tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan mọ́ títí òun á fi kà wá tán. Ọlọ́pàá wà níwájú, ọlọ́pàá wà lẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fọwọ́ kàn wá léjìká, ó ń kà wá sókè. Ó kan èmi náà. Ìlà wa ló gùn jù, ni wọ́n bá hó yèè. Mo pàtẹ́wọ́, torí bàbá onílé ń wò mí.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá onílé ní kí n kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì. Mo ní ṣebí wọ́n rí mi lórí ìlà wọn. Wọ́n ní àwọn rí mi, mo ṣeun, kí n tètè palẹ̀ mọ́. Inú yàrá ni mo ti ń ránṣọ báyìí, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, apá mi ò ṣeé nà. Aṣọ àwọn oníbàárà tó wà lọ́rùn mi ni ò jẹ́ kí n lè dìde wálé. Ìyá Màríà ṣì ń yan ẹja tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lé e.

Lánàá ni mo tó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú torí ibi tí mo tò sí, ìlú ò rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tó dun òun ni pé òun pè mí lórúkọ, mi ò jẹ́ òun.

Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ẹ máa fàdúrà rántí mi. Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ sì sọ fún wọn pé bí ẹnikẹ́ni bá pè mí báyìí, mo ń jẹ́ orúkọ tí ẹ sọ mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojí.