Ohun Tó Kọjú sí Ògiri

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Keje

Ìwé, má bínú. Mo mọ̀ pé irú mi kọ́ ló yẹ kó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àròkọ mi: “Kí lo fẹ́ sọ gan-an?” Kò kọ nǹkan mìíràn. Mo ṣì ń wá ìdáhùn títí di òní. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo rà ọ́ fún, ojú ewé mẹ́rin péré ni mo lò. Ìyókù, tèmi àti tìrẹ ni.

Mo ti dé ilé. Ìdánwò ọdún kìíní ti parí, èsì ò tíì jáde, oorun ò sì fi bẹ́ẹ̀ kun ojú mi. Ṣọ́ọ̀bù wà bó ṣe wà: ìsàlẹ̀ la ti ń ta ohun àtijọ́, òkè là ń gbé. Òórùn igi, ìda àti irin tó dípẹtà. Mo bá Bàbá níbi tí wọ́n ki imú bọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì kan. Wọn ò kí mi káàbọ̀. “Ọ̀mọ̀wé, wá gbóòórùn rẹ̀. Ta ló ni ín?” Mo ní obìnrin tó fẹ́ràn lọ́fínńdà. Wọ́n ní tábà ni mò ń pè ní lọ́fínńdà, ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní yunifásítì nìyẹn? A rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dìde gbá mi mọ́ra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Keje

Adájọ́ ti ń pariwo láti àárọ̀. Àbúrò Bàbá lóbìnrin ni wọ́n, Àǹtí ni mò ń pè wọ́n, àwọn méjèèjì ni bàbá àgbà fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ fún. Èmi ni mo sọ wọ́n ní Adájọ́ (nínú ìwé yìí nìkan o!) torí tí wọ́n bá ti dá ẹjọ́, kò sí kóòtù tí a lè gbé e lọ. Lónìí, wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn ìta. Ó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

“Bọ̀dá mi, ẹ kúkú gbé ilẹ̀kùn náà fún olè kó máa gbé e lọ.”

“Olè wo ló fẹ́ gbé àwọn àga wúwo tó wà níbí? Á san owó alábàárù.”

Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí wọ́n wo Bàbá fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Keje

Mo fẹ́ wúlò. Bàbá wà lókè, wọ́n ń sinmi. Adájọ́ jáde lọ wo ẹrù tí ẹnì kan fẹ́ tà. Mo gun àpótí ìtìsẹ̀, mo kó gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ òkè pátápátá sílẹ̀ sórí ẹní. Eruku ibẹ̀ tó gbin iṣu. Mo nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dá wọn padà. Aago mẹ́ta, rédíò onígi, àwo irin, kámẹ́rà onígi ti Bàbá Fọ́tò.

Kámẹ́rà yẹn kì í ṣe ọjà. Bàbá Fọ́tò ló fi ya gbogbo àdúgbò yìí, òun ló ya ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Nígbà tí àwọ̀ funfun bo ẹyinjú wọn lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé e wá fún Bàbá pa mọ́ títí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Wọ́n ní tó bá wà nílé, àwọn á máa fọwọ́ kàn án, ọkàn àwọn á sì máa bàjẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé òfin wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí mò ń ṣàlàyé fún. Ohun tó bá kọjú sí ògiri kì í ṣe tiwa. Bàbá àgbà ló ṣe é. Ẹni tó ń kó lọ sí yàrá kékeré, ẹni tí kò fẹ́ káwọn ọmọ rẹ̀ jà lórí ẹrù, wọ́n á gbé e wá. A kì í so páálí mọ́ ọn, a kì í kọ orúkọ. A máa yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọjà, ó parí. Bàbá ní ẹni tó fọkàn tán ọ tó o wá ní kó fọwọ́ síwèé, o ti sọ fún un pé kó má fọkàn tán ọ mọ́. Bàbá nìkan ló sì máa ń yí nǹkan sí ògiri. Adájọ́ kì í béèrè ẹni tó ni èwo; èyí tó bá ti kọjú sí ògiri, wọn ò ní tà á. Gbogbo rẹ̀ wà lórí wọn, pẹ̀lú ìtàn ilé tí ọjà kọ̀ọ̀kan ti wá.

Pẹpẹ ń dán. Inú mi dùn díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Keje

Adájọ́ ta kámẹ́rà kan.

Mo wà lókè, mò ń fọ aṣọ. Wọ́n ké sí mi látìsàlẹ̀ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́: ọkùnrin kan tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló wọlé, ó nawọ́ sókè, ó ní, “Èyí tó ń wò mí yẹn.” Kò ná an pẹ́. Ó ti gbé e lọ.

Èyí tó ń wò mí.

Mo gun àpótí ìtìsẹ̀. Àyè rẹ̀ ṣófo. Méjì nínú àwọn aago náà, tí kì í ṣe tiwa, kọjú sí ògiri, bó ṣe yẹ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbìyànjú láti rántí ọwọ́ mi: báwo ni mo ṣe gbé e sókè? Mo fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀, mo rántí ìyẹn. Mo wo ara mi nínú rẹ̀, mo fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà — mo gbé e síbẹ̀ bí mo ṣe ń wò ó. Mi ò yí i.

Èmi ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Keje

Mo fẹ́ sọ ọ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Mo fi búrẹ́dì dí ẹnu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Keje

Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé ojú Bàbá Fọ́tò lè má tíì san. Irú èèyàn wo ló ń gbàdúrà kí ojú ẹlòmíràn má san?

Ọjọ́rú, 12 oṣù Keje

Wọ́n dé.

Wọ́n wọlé láìsí ọ̀pá, láìsí ẹni tó dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n ń rí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà. “Àga. Dígí. Ìwọ, o ti ga o! Adúrú irun yìí, orí rẹ ò wúwo?” Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Fọ́tò fọwọ́ ra ọwọ́, wọ́n ní, “Ó yá, ẹ gbé ìyàwó mi wá.”

Bàbá wò sókè. Èmi ò lè wò sókè.

Adájọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kámẹ́rà onígi? Èyí tó wà lókè yẹn?” Ohùn wọn kéré, mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. “Bọ̀dá mi, mo ti tà á. Kò kọjú sí ògiri. Mo fi ọmọ yìí búra, kò kọjú sí ògiri.”

Bàbá Fọ́tò ò bínú. Ó ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n sọ fún Bàbá pé, “Ìwọ ni mo fi ojú mi sí lọ́wọ́.” Wọ́n jáde. Wọ́n fẹsẹ̀ kọ ibi ìloro, ibi tí wọn ò fẹsẹ̀ kọ nígbà tí wọn ò ríran.

Nígbà náà ni Adájọ́ wá yíjú sí Bàbá. Ta ló ń yí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù yìí bí kò bá ṣe ẹ̀yin? Wọ́n ka gbogbo rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ara ilẹ̀kùn, iná gáàsì tí wọn ò pa lóṣù tó kọjá, oníbàárà tí wọ́n kí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. “Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí dàgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, a máa jókòó. Ẹ máa kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún mi, ẹ máa lọ sókè lọ sinmi.”

Bàbá fọwọ́ ba kọ́kọ́rọ́ nínú àpò wọn. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn láràárọ̀. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, mò ń wo ọ̀dájú kan tó wọ aṣọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Keje

Adájọ́ rí nọ́ńbà onífìlà lọ́wọ́ awakọ̀ tó bá a gbẹ́rù. Wọ́n pè é, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó mà ṣe o, òun ti tú inú rẹ̀ jáde, òun ti fi gílóòbù sí i, ó ti di fìtílà ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tilẹ̀ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá mú fóònù, wọ́n gbé e lọ fi han Bàbá Fọ́tò fúnra wọn. Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá Fọ́tò wo fọ́tò náà pẹ́, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n sún un sẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ẹni tó ya èyí ò mọ fọ́tò yà. Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù.” Wọ́n dá fóònù padà. A ò mọ̀ bóyá kí a rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Keje

Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kí n lè há a sórí: “Bàbá, èmi ni mo nu pẹpẹ, èmi ni mi ò yí i padà.” Gbólóhùn kan. Olùkọ́ mi ò ní rí nǹkan fi bírò pupa kọ síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Keje

Mo sọ ọ́. Kò rí bí mo ṣe há a sórí. Mo bẹ̀rẹ̀ látìdí eruku, mo rìn yípo rédíò àti àwo irin, mò ń sunkún, imú mi ń ṣàn. Mo ní lọ́la, mo máa sọ fún Àǹtí níwájú yín, kọ́kọ́rọ́ ò ní kúrò lọ́wọ́ yín.

Bàbá ń fi ìda pa ẹsẹ̀ tábìlì. Wọn ò dáwọ́ dúró.

“Mo ti mọ̀.”

Mo ní báwo?

“Orúnkún mi ò gun àpótí ìtìsẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kí ló lè gbé mi dé pẹpẹ òkè? Ìyẹ́?” Wọ́n na aṣọ sí mi kí n fi nu imú. Ìda ló wà lára rẹ̀. “Àbúrò mi ìbá ti ronú kàn án tó bá jẹ́ pé kì í kọ́kọ́ dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́.”

Nítorí náà mo ní, ó dáa, a ti bọ́. Wọ́n ní kí n jókòó.

Wọ́n wá sọ èyí fún mi. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, obìnrin kan wá ra dígí ńlá, ó béèrè ilé tó ti wá. Bàbá sọ fún un pé ilé dókítà kan ni, wọ́n sọ iye ọmọ tí dókítà náà bí, wọ́n sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń dúró níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin náà gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí Bàbá dókè, wọ́n jókòó, wọ́n wá dókítà náà nínú orí wọn. Wọn ò rí i. Kò sí dókítà kankan. Ẹnu wọn ló bí i.

“Ó sì ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mo mọ̀. Mi ò mọ èyí tí mi ò mọ̀.”

Mo ká aṣọ onída náà mọ́wọ́, mo tún tú u.

“Ọ̀mọ̀wé, igi kọ́ là ń tà níbí. Káfíńtà ń ta igi. Ohun tí mo bá sọ nípa igi là ń tà. Tí wọ́n bá gbọ́ ti dókítà yẹn, gbogbo ohun tí ẹnu mi ti sọ láti ogójì ọdún, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ti bàbá àgbà rẹ náà á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàgbé láti yí kámẹ́rà? Arúgbó lásán ni. Wọ́n á káàánú rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ sinmi. Jẹ́ kí n bá ibẹ̀ kúrò.”

Mo ní irọ́ ni, sà.

“Èwo ni irọ́? Pé mò ń gbàgbé? Òótọ́ ni. Pé kò yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi mọ́? Òótọ́ ni. Kámẹ́rà yẹn nìkan ni kì í ṣe tèmi. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Fún mi.”

Bàbá mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi rí. Mo ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi wá kí n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀ mí kí n jẹ́ káwọn máa bá mi rù ú lọ. Ta ni mo fẹ́ gbà là gan-an, àwọn ni àbí ara mi?

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Keje

A jókòó. Kò pẹ́. Bàbá ní, “Èmi ni mo gbàgbé. Má bínú, àbúrò mi.” Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo rò pé Adájọ́ á sọ̀rọ̀ gbọọrọ. Ńṣe ni wọ́n bo ojú, wọ́n ń sunkún bí ọmọ kékeré, wọ́n ń pè é ní “Bọ̀dá mi, Bọ̀dá mi.” Bàbá ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ látọjọ́ yìí ni pé kí ẹnì kan já wọn nírọ́.

Lẹ́yìn náà Adájọ́ nu ojú, wọ́n wò mí. “Ìwọ tó o wà nínú ilé látọjọ́ yẹn, ṣé kò sí ohun tó o mọ̀ nípa kámẹ́rà yìí? Sọ ọ́ báyìí o.”

Bàbá ò wò mí. Ìka wọn ni wọ́n ń wò.

“Rárá, mà.”

Ohùn mi ò gbọ̀n. Mi ò mọ̀ pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá ti sùn báyìí, ọ̀sán gangan, ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí sílẹ̀. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Nísàlẹ̀, Adájọ́ ń dán kọ́kọ́rọ́ wò, wọn ò tíì mọ èyí tó ṣí èwo.

Ìwé, ìwọ nìkan ló kù tó mọ ti dókítà. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n kọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́. Bí Adájọ́ bá rí ọ lábẹ́ ìrọ̀rí mi, bí èmi fúnra mi bá ṣí ọ lọ́jọ́ kan níwájú ẹnikẹ́ni, jọ̀wọ́, má sọ. Tèmi ò ṣe nǹkan, o lè sọ tèmi. Ti Bàbá ni kó o bá mi gbé mì.