Omi tí Ráṣídì ń Wọ́n Sílẹ̀

Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ọmọ mi méjèèjì fẹ́ sọ ara wọn nù, apá mi kò sì ká a.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ kú ilé o. Ṣé ara ń sinmi níbẹ̀?

Ráṣídì, ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kọ́ ní títa ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Adjamé, ti ní atelier, ìsọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, báyìí ní àdúgbò Yopougon. Bátìrì alùpùpù oníná tó ti kú ló ń tú, á yọ èyí tó ṣì dára nínú rẹ̀, á tún un dì. Lẹ́búlẹ́bú dúdú kan máa ń jábọ́ nínú wọn, ó kúnná ju àtíkè lọ. Láràárọ̀ ló ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń ṣe níwájú ìsọ̀, tí ẹ óò ki ọwọ́ bọ korobá, tí ẹ óò máa fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ kí eruku má baà bà lé ọjà aládùúgbò. Bí mo bá ń wò ó, àfi bíi pé ẹ̀yin ni.

Sìdíkátù, àbúrò rẹ̀, wà ní labo, ilé ìwádìí, ní tirẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí ohun tí èròjà inú bátìrì ń ṣe sí ilẹ̀, omi àti ẹja. Èròjà tí wọ́n ń pè ní nano wà nínú lẹ́búlẹ́bú yẹn, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Sìdíkátù bu omi gọ́tà kan ní Yopougon wò, ó bá a níbẹ̀. Ó tẹ̀ lé gọ́tà náà sókè, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló já sí. Omi tí a ní kó mú eruku jókòó ló ń kó o lọ sínú ọ̀sà! Ohun tó ń ṣe fún ẹja, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀.

Lundi, ọjọ́ Ajé, ni rapport ìwádìí náà máa kúrò lọ́wọ́ Sìdíkátù. Wọ́n lè ti atelier yẹn pa. Ráṣídì ti sọ àbúrò rẹ̀ ní Mádàámù Gọ́tà, kì í sì í bá a jẹun mọ́ nílé mi ní Williamsville. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá sọ pé omi wíwọ́n kò dára, ẹ̀yin ló ń bú. Àbúrò rẹ̀ ra àkísà àti korobá olómorí fún un, kó máa fi nulẹ̀, kó sì dé ìdọ̀tí náà pa sínú korobá. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn mi ni wọ́n wà, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ta ni kí n gbè lẹ́yìn? Bí mo bá ní kí Sìdíkátù gbójú fò ó, ṣé kì í ṣe ẹja ọ̀sà yẹn náà là ń sè? Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń jà nígbà yẹn, ẹ óò kàn ṣí fìlà lé orúnkún, a ó dákẹ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Lọ́la, èmi ni n óò ru korobá náà lọ sí Yopougon, tí n óò kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ yẹn lójú rẹ̀. Kò ní lè lé mi. Ṣùgbọ́n tiyín ló ń gbọ́, kì í ṣe tèmi.

Ẹ tètè dá mi lóhùn, Bàbá. Bí ẹ kò bá rí ọ̀nà yà sọ́dọ̀ mi lójú àlá, ẹ gba ọ̀dọ̀ Ráṣídì lọ tààrà, ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní bínú tó bá yí ọwọ́ padà. Kó tó di lundi o.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò lè jókòó sójú kan.