Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Ọ Kọ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun dáadáa, ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ bó o ṣe ń jáde tó o sì ń wọlé kò ní gbàgbé rẹ lọ́jọ́ kan, àmín. Àwa náà wà níbí, a ò ṣàìsàn, adìẹ funfun ti pa ọmọ méje, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò síbi tó ti ń jò, àbúrò rẹ obìnrin ní kí n kí ọ. Ó yá, jókòó kó o tó ka èyí tó kù. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì lo wà, kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́tà ni mo kọ, torí mi ò fọkàn tán fóònù mọ́. Bí èèyàn bá fún awakọ̀ ní lẹ́tà tó sì yí ọkàn padà, ó ṣì lè sáré tẹ̀ lé mọ́tò títí dé kọ́nà, kó ní kó dá a padà fún òun. Ṣùgbọ́n fóònù, kó o tó mí lẹ́ẹ̀kan ó ti débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó o máa sá tẹ̀ lé. Tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú wa ní kí n sáà pè ọ́. Mo ní tó bá wá lọ jẹ́ ọ̀gá yín ló gbé e ńkọ́?

O rántí pé o sọ fún mi pé ọ̀gá ní kó o lọ wá ẹnì kan tó máa wá sọ̀rọ̀ ìwúrí fáwọn òṣìṣẹ́, torí ọkàn wọn ti kúrò nínú iṣẹ́ páálí ìkẹ́rù tí wọ́n ń ṣe. O ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, pé tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ò bá ta wọ́n jí, ìwọ tó o mú un wá ni wọ́n máa bi. Mo béèrè pé ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣàìsàn ni, o ní rárá. Mo ní ṣé wọ́n ń bínú ni, o ní bóyá. Mo wá ń rò ó pé irú kí lèyí, kí wọ́n máa sanwó fún àlejò kó wá sọ fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé tí ìwọ ò bá fẹ́ dìde lówùúrọ̀, omi tútù lásán ni mo fi ń wú ọ lórí, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀. Tíṣà tiẹ̀ fi ọkùnrin náà hàn mí nínú fóònù rẹ̀. Ó ń làágùn, ó ń pariwo, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Ó ní kí kálukú kọjú sí ẹni tó jókòó tì í, kó sọ fún un pé òmìrán ni. Mo kọjú sí tíṣà, mo sọ fún un. Ó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ìwé kan wọlé sórí fóònù tíṣà láti ọ̀dọ̀ rẹ. O ní kó bá ọ yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò, torí asọ̀rọ̀ ìwúrí yẹn máa pín in fáwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni tíṣà tó sọ ìyẹn fún mi. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nílé ìwé tó sì gbé e sórí tábìlì, ohun tí mo rí ni orúkọ rẹ lókè, ìbéèrè mẹ́ta nísàlẹ̀, àti àyè òfìfo. Mi ò mọ̀ pé orúkọ ẹni tó ṣe ìwé nìyẹn. Mo ní háà, ọmọ yìí tún ti bẹ̀rẹ̀, torí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lo ti máa ń gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wálé tó ò ní ṣe é. Mo ní ọ̀gá á bá a wí. Mo bá mú bíírò.

Ìbéèrè kìíní ní kí ló dùn mọ́ ọ jù níbi iṣẹ́. Mo kọ ọ́ pé àsìkò ìjẹun ọ̀sán ni, torí òun nìkan lo máa ń fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìkejì ní kí ló ń fà ọ́ sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ pé ọ̀gá ni, pé ó máa ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n, bó o ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìkẹta ní níbo lo rò pé o máa wà ní ọdún márùn-ún sí i. Ìyẹn dùn mọ́ mi, mo sì kọ ọ́ gún régé: màá ti wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi, màá máa bá bàbá mi kan àga ní ṣọ́ọ̀bù, torí o ti ṣèlérí. Mo fọwọ́ sí i lórúkọ rẹ. Nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ní ká fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí, mo ní kí tíṣà ya fọ́tò rẹ̀ kó fi ránṣẹ́. Ìwé tó fẹ́ máàkì ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò kà á, ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí bàbá rẹ wọlé, mo fi ayọ̀ ròyìn fún wọn. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn wà lára ilẹ̀kùn, wọn ò gbé e kúrò. Wọ́n ní ta ló ni nọ́ńbà yẹn. Tíṣà wò ó, ó ní ọ́fíìsì ọ̀gá yín ló hàn lórí fóònù. Bàbá rẹ jókòó sórí àpótí, wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ fún mi láti ọdún méjìlá.

O mọ̀ pé wọ́n dá wọn dúró ní ilé ìlagi, ohun tí èmi náà mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àṣé ọ̀gá wọn náà gba asọ̀rọ̀ ìwúrí nígbà yẹn. Wọ́n to àga, ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ dáadáa, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ó wá pín bébà, ó ní kí kálukú kọ ohun tó wù ú ní ọdún márùn-ún sí i, kí wọ́n má fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá rẹ kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ ní ayùn tàwọn. Ọ̀gá ló kó gbogbo bébà náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe àwọn mẹ́sàn-án, bàbá rẹ wà nínú wọn, bébà kálukú wà níwájú rẹ̀, ó ti fi bíírò pupa fàlà sídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní ẹni tó ti ń wo ọ̀nà ilé, kó máa lọ.

Bàbá rẹ ò lè tètè sọ fún mi pé iṣẹ́ ti bọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ń wọṣọ iṣẹ́ láràárọ̀, tí mò ń di oúnjẹ fún wọn, tí wọ́n ń lọ jókòó sẹ́yìn ibùdókọ̀ títí àsìkò àtiwálé á fi tó. Òfìfo ni abọ́ máa ń padà dé, èmi á sì máa yọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sunkún, ọmọ mi. Inú bí mi sí wọn, inú bí mi sí ara mi, àánú wọn sì tún ṣe mí.

Mo sáré bá tíṣà pé kó pa ìwé náà rẹ́. Ó pa á rẹ́ lórí fóònù tiẹ̀, mo ní ọpẹ́ o, ó ti padà wálé. Ó ní rárá, Màmá, kò padà wálé, àmì méjì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti di búlúù, wọ́n ti kà á. Láti ìgbà yẹn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Bàbá rẹ ní kó o má dúró kí ọ̀gá pè ọ́. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ lọ bá a, kó o sọ fún un pé ìyá rẹ ló kọ ọ́. Mo ti fi ìwé kékeré kan sínú èyí fún un, mo fi bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀bi mi ni gbogbo rẹ̀, pé ìdáhùn kìíní àti ìkẹta, àsọdùn ìyá ni. Ìkejì ni mi ò mọ bí màá ṣe ṣe é, torí òótọ́ ni, n kì í sì í parọ́. Mo kàn kọ ọ́ pé kó gbìyànjú dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́.

Èyí tó ká bàbá rẹ lára jù ló kù. Wọ́n ní kí asọ̀rọ̀ ìwúrí yẹn máa bọ̀, kó làágùn bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó o yọ nọ́ńbà yẹn kúrò nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù. Kí kálukú ká bébà tiẹ̀ sápò, kó gbé e lọ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn máa kọ òótọ́ torí pé ìwọ lo ní kí wọ́n kọ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi òótọ́ wọn lé wọn lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀gá lè bínú sí èyí ju ohun tí mo kọ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ibi tí màá ti béèrè owó. Mo fẹ́ béèrè lóòótọ́. Owó mọ́tò ni. Má fi ránṣẹ́ sí mi, fi í sápò àyà ẹ̀wù rẹ, má sì ná an. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, má wọṣọ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Má lọ jókòó sẹ́yìn ibùdókọ̀ kankan. Wọ mọ́tò, kó o máa bọ̀ nílé. Bí wọn ò bá sì dá ọ dúró, jẹ́ kó wà níbẹ̀ náà, kí èmi lè rí oúnjẹ jẹ.

Orí rẹ á bá ọ ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó o bá sọ á wọ ọ̀gá létí. Àga tó o jókòó lé kò ní yẹ̀ mọ́ ọ nídìí. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn tó ń lọ, wọn ò ní pe tìrẹ, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Bàbá rẹ ti wà lẹ́yìn mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí n fi kún un pé ayùn méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí.