Owó Ọkọ̀ Oṣù Kan

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá, 2024
Mo ti dé Èkó láti Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Micah, wà ní ọsibítù – àìsàn kíndìnrín. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo. Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. N ò jẹ́ pè é létí wọn. Ilé Fadékẹ́, ọmọ wọn, ni mo dé sí. Ó jìnnà sí ọsibítù. Ọkọ̀ kòrópe méjì, kẹ̀kẹ́ kan. Owó tí màá san lọ́la, háà!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8
Wọ́n ti rù. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ọkọ̀ wo ni mo wọ̀ wá. Mo sọ fún wọn, wọ́n mi orí. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ńlá ni kí n máa wọ̀, èyí tí wọ́n ń fi káàdì san. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ ọ̀nà náà àti iye owó rẹ̀ sẹ́yìn ìwé oògùn. Ìṣirò wọn péye.

Ọjọ́rú, 9
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò tó ìlàjì owó àná.

Ọjọ́bọ̀, 10
A jà. Mo ní mo fẹ́ san owó ọkọ̀ oṣù kan sórí káàdì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní rárá o, owó tó bá ti wọ káàdì kì í jáde mọ́, ti ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni kí n máa san. "Phebe, má ra ọ̀nà tí o ò ní rìn."
Inú bí mi. Ọjọ́ mẹ́ta! Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò lọ síbì kankan. Àwa méjèèjì la jọ ń padà sílé."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀ṣà tó ń fowó ṣòfò! Ẹ wá wòran."
Mo lọ san ti oṣù kan. Agídí kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 13
N ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbàdúrà. Wọ́n mu ẹ̀kọ ṣíbí mẹ́rin. Ayọ̀ mi pọ̀ débi pé mo bèèrè iye tí wọ́n ń ta àyè méjì nínú rélùwéè dé Ìbàdàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́bọ̀, 17
Bọ̀dá mi ti lọ. Agogo méje àárọ̀ ò tíì lù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí Fadékẹ́ pè mí. Òun ló sùn tì wọ́n. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ọsibítù.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé òkú wọn lọ sí Iléṣà, Fadékẹ́ sì bá wọn lọ. Ó ní kí n wọ ọkọ̀ náà. N ò lè wọ̀ ọ́.
Nọ́ọ̀sì fún mi ní Bíbélì wọn. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a jà ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n kọ déètì sí i.
"Fún Phebe. Rélùwéè dé Ìbàdàn, kíláàsì tí owó rẹ̀ kéré jù, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti Ìbàdàn, ọkọ̀ Iléṣà tààrà. Má gba ọ̀nà Old Garage ní Òṣogbo, ìyípo ni, owó á ṣòfò. Ẹnì kan. Àlọ nìkan."
Wọ́n fa ìlà sábẹ́ "ẹnì kan". Mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19
Bọ́ọ̀sì ló gbé mi dé ìdíkọ̀ rélùwéè. Owó ṣì pọ̀ lórí káàdì náà. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bi mí pé ènìyàn mélòó.
Mo ní ẹnì kan. N ò bá Bọ̀dá Tíkẹ́ẹ̀tì jiyàn mọ́.