Ọ̀nà Inú Kásẹ́ẹ̀tì Dúdú

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì máa ń gbúròó ikọ́ yín bí mo bá ti ń ṣílẹ̀kùn ilé wa ní Èmùré,

Mo kí yín. N kò ní béèrè bóyá àlàáfíà lẹ wà. Bí àlàáfíà kò bá sí níbi tí ẹ wà, àwa tí à ń bọ̀ lẹ́yìn ti gbé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ara tèmi ni mo bá wá. N kò rí ẹlòmíì tó lè dá mi lóhùn, ẹ̀yin náà kò sì ní dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun kan tí ẹ kò bá láyé. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìkẹ́rẹ́ fún mi ní aago ògiri, bí ẹni pé obìnrin tí agogo iléèwé ti ń lé kiri láti ìgbà ọmọge ṣì nílò aago. Wọ́n tún fún mi ní àwòrán ara mi nínú férémù ńlá, kí n má baà gbàgbé bí mo ṣe rí. Mo gbé méjèèjì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo sì ti rí páálí tí àwọn ọmọ mi kó géèmù ìgbà èwe wọn sí: ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pádì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì dúdú kan. Ẹ má rò pé kásẹ́ẹ̀tì orin ni. Inú rẹ̀ ni eré wà. Ẹ ó tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, àwòrán á sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Mo fi òwú àti sípíríìtì nu ẹnu kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i bí àwọn ọmọ ti máa ń ṣe, mo tàn án, ó ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe kó sí i nìyẹn. Báyìí, yàrá ẹ̀yìn ti kún fún ẹ̀rọ àtijọ́ àti pádì àti wáyà. Mo ti gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbàrà-Odò nítorí pádì kan ṣoṣo tí bọ́tìnì rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Àwọn tó ń ta ọjà tòkunbọ̀ ti dá mi mọ̀, Màmá Géèmù ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju gbogbo oyè tí wọ́n fi ń lọ̀ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Àbúrò mi Káyọ̀dé, ọmọ yín ọkùnrin, ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ò tíì gbọ́: Káyọ̀dé ti di Dókítà. Ẹ má yọ̀ jù. Kì í ṣe èyí tó ń wo àìsàn, kì í sì í ṣe èyí tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Iléèwé Bíbélì kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló fún un lóyè náà. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá pè é ní Káyọ̀dé láàárín èrò, kò ní gbọ́. Ó ní kò bójú mu kí ẹ̀gbọ́n Dókítà máa tẹ pádì kiri bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Eré inú kásẹ́ẹ̀tì dúdú yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọkùnrin kékeré kan gbé àtùpà, ó ń rìn nínú ihò abẹ́ òkè, ó ń wá ọ̀nà àbájáde. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ìbá ti béèrè ohun tí ó ń jẹ níbẹ̀ àti ẹni tó ń bá a mójú tó oko rẹ̀. Láàárọ̀, bí mo bá ti gbàdúrà tán, tí iná bá wà tàbí tí sólà mi bá lágbára, mo máa ń mú un rìn kí n tó mu ògì. Ìdí rẹ̀ rèé. Géèmù inú fóònù òde òní, àwọn tó ṣe é kì í yéé yí i padà. Ti àtijọ́ kì í yí. Kànga tó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, ibẹ̀ náà ló wà. Bí mo bá ṣìnà, kì í ṣe ọ̀nà ló yẹsẹ̀, èmi ni. Kì í ṣe eré lásán ni mo ń ṣe, Bàbá mi. Ọpọlọ mi ni mo ń dán wò.

Ẹ̀yin lẹ mú mi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò yìí. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbéra lọ sí oko kòkó, tí a wá yín títí di ọ̀sán? Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí mo ń bi yín ná! Ọ̀nà tí ẹ ti ń rìn kí wọ́n tó bí mi ni. Létí odò, lápá ibòmíì pátápátá, la ti bá yín, ẹ jókòó, àdá wà lórí itan yín, ẹ sì wí fún wa pé wọ́n ti gbé ọ̀nà oko kúrò níbi tó wà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Aláwàdà ni yín, a rò pé àwàdà náà ni. Ẹ̀yin náà bá wa rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ẹ̀rù bà yín? Àbí ẹ ti mọ̀ tipẹ́, nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo àwa ọmọ ní “Ìwọ yìí,” tí a rò pé ìkẹ́ ni? Nígbà tó yá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti wọ ulé ùwé ni ahọ́n mi ti di ti òyìnbó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde bí mo bá wọlé, ẹ ń kí mi ní “Ẹ káàárọ̀, mà,” bí ẹni ń kí olùkọ́ àjèjì. Ohun tí mo ń sá fún láràárọ̀ pẹ̀lú pádì lọ́wọ́ nìyẹn.

Ní ẹ̀gbẹ́ kànga inú eré náà, ọ̀nà pín sí méjì. Òsì ni mo máa ń yà. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ju orí mi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà sí òsì, ọkùnrin mi já sínú kòtò. Mo rò pé mo tẹ̀ ẹ́ jù ni. Mo tún un ṣe, ó tún já. Mo wá yà sí ọ̀tún, ó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá mi, mo gbé pádì sílẹ̀. Ìgbà wo ló di ọ̀tún? Àbí ọ̀tún ló ti wà látilẹ̀, tó jẹ́ pé èmi ni mo fi orí ara mi dá òsì tí mo ń rántí?

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ òjò ni mo sọ. Mo lọ sí ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Alága wa dìde, ó kí gbogbo àlejò pàtàkì bó ṣe máa ń kí wọn. Àlejò kankan kò sì sí níbẹ̀, àwa tí à ń rí ara wa lóṣooṣù náà ni. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti máa rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́jọ́ yẹn, ńṣe ni mo ń ka orúkọ wọn láti ìlà iwájú dé ẹ̀yìn, tí mo ń làágùn. Mo dé orí obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé, orúkọ rẹ̀ kò wá. Ilé ni mo ti dé, mo ń bó iṣu, kó tó wá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti yín? Ṣé ó máa ń kọ́kọ́ padà wá, kó tó di pé kò wá mọ́?

Ní Sátidé, Káyọ̀dé wá bá mi nítorí òrùlé ilé yín tó ń jò. Agbádá ló wọ̀ wá sọ̀rọ̀ páànù. Mo na pádì sí i.

“Èmi kọ́,” ló wí. “Dókítà kì í tẹ pádì.”

“Dókítà wo? Jókòó síbí, jàre. Ká agbádá ẹ sókè, kó má lọ fa wáyà mi já.”

“Ẹ̀gbọ́n, bí èèyàn bá rí mi ńkọ́?”

“Adìẹ mi nìkan ló ń wò ẹ́. Kò sì ní ṣòfófó.”

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ọkùnrin kékeré náà bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ kànga, mo ní kó yà sí òsì. Ó yà, ó já.

“Ẹ ti pa mí! Kí ló dé tí ẹ ní kí n gba òsì?”

“Ibẹ̀ lọ̀nà.”

“Ọ̀nà wo? Kòtò rèé!” Ó fa kásẹ́ẹ̀tì náà yọ, ó yí i wò, ó bú sẹ́rìn-ín. “Áà, èyí tí a rà ní Òmùò mà nìyí! Ẹ wo ibi tó ti kán létí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ayédèrú ni, pé àwọn tó dà á kọ ti yí ọ̀nà inú rẹ̀ padà, pé torí ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ.”

Ó tú dúróọ̀ mi, ó fa kásẹ́ẹ̀tì dúdú kejì jáde. Àyàfi etí tó kán yẹn, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì, ìwé ara wọn ti bó. A ki èyí bọ ẹ̀rọ, mo yà sí òsì, ọkùnrin mi kọjá. Ẹ wo bí ara ṣe fúyẹ́! Òsì mi tọ̀nà. Mo ti fẹ́ dìde jó, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí.

“Ta ló lọ sí Òmùò?”

“Àwa méjèèjì ni.”

“Nígbà wo?”

“Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ná. Ọ̀kadà dà wá nù nígbà tí à ń bọ̀ láti garéèjì, ibẹ̀ ló ti kán. Ẹ fi òyìnbó bú ọlọ́kadà náà títí, ó ń dá yín lóhùn pé àmín, àmín.”

Mo rẹ́rìn-ín, kí n lè ráàyè ronú. Bàbá mi, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. N kò rí Òmùò, n kò rí ọ̀kadà, n kò rí ìṣubú. Mo ń wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ìdí báàgì nìkan lọwọ́ mi ń bà.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Káyọ̀dé náà. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó fi àpá kan hàn mí, tó gùn, tó ṣì pọ́n díẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́ fún mi,” ló wí. “Ẹ ní kí n yé ké bí ọmọdé.”

Mo fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ ọmọ tí mo pọ̀n ni. Àpá yẹn nìkan ni n kò mọ̀.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kòtò, gèlè aláwọ̀ ewé, ìbẹ̀rù mi. Mo rò pé yóò wàásù. Kò wàásù. Ó bọ́ agbádá, ó gbé e sórí àga, ó sì pe ọmọ mi ní Ìbàdàn lójú mi, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. “Káyọ̀dé ni,” ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, òun àti èmi yóò lọ sí ọsibítù ní Adó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àìsùn, tàbí ọjọ́ orí lásán. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó mú yín. Wọ́n ní wọ́n á bi mí ní ọjọ́ tí a wà, wọ́n á sì ní kí n ka nǹkan sẹ́yìn. Èmi tí mo fi ìdánwò dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ wo bí àyà mi ṣe ń já.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a jókòó síwájú ilé. Mo sọ fún un pé bí mo bá tún ọ̀rọ̀ kan sọ tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀, kó wí fún mi. Kó má fi mí rẹ́rìn-ín, kó má sì díbọ́n bí ẹni pé òun kò tíì gbọ́ ọ rí. Mo ní kó ṣèlérí.

Ó yíjú sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ẹ ti ní kí n ṣèlérí yẹn nígbà tí à ń jẹun. Mo sì ti ṣe é.”

Ó dùn mí wọnú eegun, Bàbá mi, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ sí i. Ta ló ṣe irú rẹ̀ fún yín?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ẹ̀rù ń bà, tí mo sì mọ̀ yín dáadáa lónìí.